Ìwà Onígbàgbọ́ Nídìí Ọkọ̀

Ibi kíkà: Númérì 35, ẹsẹ 16 dé 28, Ẹ́kísódù 21, ẹsẹ 28 àti 29, II Àwọn Ọba 9, ẹsẹ 20.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn yóò wí pé kò yẹ orí àga ìwàásù. Wọn yóò wí pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, tàbí ọ̀rọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn, tí ó sì jẹ́ pé àwa tí à ń jẹ́ orúkọ Kristi wà lára àwọn tí ọ̀ràn náà kàn, ọ̀rọ̀ Ìjọ ni. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìbínú àti ìwà ipá tí àwọn tí ń wa ọkọ̀ ń hù sí àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní ojú ọ̀nà, àti ti ìṣirò tí olúkúlùkù wa yóò ṣe níwájú Ọlọ́run nítorí ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ó jókòó nídìí ọkọ̀. Nígbà tí a bá sì wí pé kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń wí, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ yí, tí kò ní ẹ̀rọ nínú. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a ó wí nípa ẹni tí ó gùn ún kan ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tí ó gun alùpùpù pẹ̀lú.

Nínú ìwé kejì àwọn Ọba, a kà nípa Jéhù ọmọ Nímṣì. Ó ń bọ̀ ní Jésíréélì pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, olùṣọ́ sì dúró lórí ilé-ìṣọ́, ó ń wò wọ́n bọ̀. Ojú olùṣọ́ kò tíì tó ojú Jéhù, kò mọ aṣọ tí ó wọ̀, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí eré tí kẹ̀kẹ́-ogun náà ń sá, ó sọ ẹni tí ó jẹ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ Jéhù sí eré kíkan. Ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà ti ṣáájú rẹ̀ dé ìlú. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ọkùnrin yìí kan náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró yàn ní orúkọ Olúwa. Òróró náà kò tíì pẹ́ ní orí rẹ̀. Bí a bá gbé olùṣọ́ kan kalẹ̀ lónìí sí òkè ilé gogoro kan tí ó kọjú sí títì, tí kò sì lè ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wa nípa ẹ̀jẹ̀ Jésù àti ojú rere Ọlọ́run, bí kò ṣe pé kí ó wo bí a ti ń wa ọkọ̀ náà nìkan, ǹjẹ́ yóò mọ̀ pé Kristiani ni ó ń bọ̀?

Ọ̀ràn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1896, ní ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń wa ọkọ̀ Duryea kọlu obìnrin kan tí ó gun kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ obìnrin náà sì ṣẹ́. Jàǹbá ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ ní ìlú náà nìyẹn: ọkọ̀ ni ó kọlu kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ pa Bridget Driscoll, ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Òun sì ni ẹlẹ́sẹ̀ tí a kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa. A ròyìn pé ẹni tí ó ṣe ìwádìí ikú náà wí pé òun ní ìrètí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì yóò ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìrètí náà kò ṣẹ. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ní ọdún 2021 nìkan, ó tó 1,190,000 ènìyàn tí ó kú sí ojú ọ̀nà ní gbogbo ayé. Ó lé ní ìdajì wọn tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí ó gun alùpùpù, àti ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́. Nínú 100 òkú, àwọn tí ó gun kẹ̀kẹ́ jẹ́ 6, èyí tí ó lé ní 70,000 ènìyàn ní ọdún kan. Láàárín àwọn tí ó wà ní ọmọ ọdún 5 títí dé 29, kò sí àrùn tàbí ogun tí ó pa wọ́n tó bí ojú ọ̀nà ti pa wọ́n. Bí a bá sì fi iye òkú wé iye àwọn tí ń gbé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ni ó burú jù lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa ọmọ Ìjọ ni ó yẹ kí a kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò kẹ́gàn ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́. Kí ọkọ̀ tó pọ̀ láàárín wa, orí kẹ̀kẹ́ ni Ìhìnrere gbà dé ọ̀pọ̀ ìletò. Katikíìsì tí a fi ìjọ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ní ìkáwọ́, kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn láti ọ̀kan dé èkejì, pẹ̀lú Bíbélì àti Ìwé Orin tí ó dì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Olùkọ́ tí ilé-ìwé rẹ̀ jìnnà, kẹ̀kẹ́ ni ó gùn. Wolé-wolé, akọ̀wé, ẹni tí ń ra kòkó ní oko, gbogbo wọn ni kẹ̀kẹ́ gbé. Nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí, ta ni kò ní baba tàbí bàbá-àgbà tí kẹ̀kẹ́ gbé dé ibi ọlá? Nísinsìnyí Ọlọ́run ti bù kún wa, a sì jókòó nínú ọkọ̀ tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. A wá ń fi fèrè lé ẹni tí ó wà ní ipò tí baba wa wà ní àná.

Àwọn wo ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ títí di òní? Àgbẹ̀ tí ń ti oko bọ̀ ní àṣálẹ́ ni. Ọdẹ tí ó ti ṣọ́ ilé àwọn ẹlòmíràn mọ́jú, tí ń lọ sùn ní òwúrọ̀, ni. Ọmọ ilé-ìwé ni, àti oníṣòwò kékeré tí ń ru búrẹ́dì kiri. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú wà níbẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ nínú òtútù. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọnìkejì wa tí a ń bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin pẹ̀lú sì ti rí ohun tí ojú wọn ń rí. Awakọ̀ kan yóò sún mọ́ oníkẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ẹ̀rọ ọkọ̀ yóò fi bà á lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fun fèrè lójijì, tí ẹni náà yóò gbọ̀n, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò sì mì. Òmíràn yóò yà á sílẹ̀, yóò sì tún fi ìmú ọkọ̀ dí i níwájú láti fi ìyà jẹ ẹ́. Òmíràn yóò fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tì í sí etí gọ́tà, yóò ju èébú sí i láti ojú fèrèsé, yóò sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí ó ṣe èyí lè jẹ́ onílà ní ìjọ. Ó lè ti jẹ oúnjẹ Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà ni a kò ṣe lè dákẹ́.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa. Nínú ìwé Númérì, nígbà tí a ń fi òfin ẹ̀jẹ̀ lélẹ̀ fún Ísírẹ́lì, kí a tó béèrè ohun tí ó wà ní ọkàn ẹni tí ó pa ènìyàn, a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀; irin ni a sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ọkọ̀ wa, irin ni. Àwọn baba wa tí kò mọ Kristi ka ohun gbogbo tí a fi irin ṣe sí ti Ògún, wọ́n sì ń pa ajá sí i kí ó má ba mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Àwa kò sin Ògún. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni yóò jẹ́ fún wa bí ẹni tí kò mọ Ọlọ́run bá bẹ̀rù agbára irin jù wá lọ.

Kẹ̀kẹ́ kò ju nǹkan bí kílógíráàmù 15 lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán sábà máa ń lé ní 1,000, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ní irin yí ara rẹ̀ ká. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò ní ju awọ ara rẹ̀ lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn, ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 48 ní wákàtí kan yóò rìn tó mítà 23 láti ìgbà tí awakọ̀ rí ewu títí ọkọ̀ náà yóò fi dúró. Bí ó bá sọ eré náà di ìlọ́po méjì, tí ó di kìlómítà 96, ẹnìkan lè rò pé mítà 46 ni yóò rìn. Ṣùgbọ́n mítà 73 ni. Báyìí ni Ẹlẹ́dàá ti to ayé, àdúrà tí a gbà kí a tó kúrò nílé kò sì pa ètò náà rẹ́. Ẹni tí ó gbàdúrà fún ìrìn-àjò rere, tí ó sì ń sá eré àsápajúdé, ń dán Olúwa wò ni.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ tí Ọlọ́run fi sí àárín èṣì àti ìkà. Nínú Diutarónómì orí 19, a fi àpẹẹrẹ ọkùnrin méjì hàn wá tí wọ́n lọ gé igi nínú igbó. Irin àáké yọ kúrò nínú èèkù, ó ba ẹnìkejì, ó sì kú. Ẹni tí àáké rẹ̀ yọ kì í ṣe ọ̀tá ẹni tí ó kú. Nítorí irú rẹ̀ ni a fi ya ìlú ààbò mẹ́fà sọ́tọ̀, mẹ́ta ní ìhà ìhín Jọ́dánì àti mẹ́ta ní ìhà ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìkórìíra ti ọmọnìkejì rẹ̀, kò sí ìlú kan tí yóò gbà á. Wàyí o, awakọ̀ tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ há oníkẹ̀kẹ́ mọ́ etí gọ́tà kí ó lè mọ̀ pé ọ̀nà kì í ṣe tirẹ̀, bí ẹni náà bá ṣubú tí ó sì kú, ǹjẹ́ ó lè wí pé àáké òun ni ó yọ? Àáké rẹ̀ kò yọ. Òun ni ó fì í.

Ẹ tún wo ohun mìíràn nínú òfin náà. Ẹni tí ó ṣèèṣì pàápàá kò padà sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní láti fi ilé, oko àti ará sílẹ̀, kí ó sì máa gbé ní ìlú ààbò títí olórí àlùfáà yóò fi kú. Èṣì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti lọ, Ọlọ́run kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà fi ojú kékeré wo ẹ̀mí. Àwọn àgbà wa wí pé ẹ̀mí kò láàrọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ó wó ṣeé rà. Ọkọ̀ tí ó wó ṣeé tún ṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a wá ibi tí ìbínú náà ti ń sun jáde. Ó jẹ́ ìyanu fún wa pé ọkùnrin tí ó jẹ́ onísùúrù ní ilé, tí ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, tí ó ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún arúgbó ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, bí ó bá ti ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tán, yóò di ẹlòmíràn. Kí ni ó fà á? Ní àkọ́kọ́, gíláàsì ọkọ̀ bò ó, ó sì rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ òun. Bí òun àti oníkẹ̀kẹ́ náà bá pàdé lórí ẹsẹ̀ ní ọjà, kò jẹ́ fi èjìká tì í sínú gọ́tà, nítorí ojú a ti ojú. Lẹ́yìn èyí, kò rí ènìyàn mọ́ níwájú rẹ̀. Ìdádúró ni ó rí. Kò rántí pé ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní ìyá, ó ní aya, ó ní ọmọ tí ń retí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ìdádúró náà. Bí a bá fi sùúrù tẹ̀lé oníkẹ̀kẹ́ títí ọ̀nà yóò fi ṣí, ó lè gbà wá ní ìṣẹ́jú kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà tí a fi ìbínú kọjá ni a ó tún bá pàdé ní ibi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó wà níwájú, tí yóò sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ǹjẹ́ nítorí ìṣẹ́jú kan ni a ó ṣe fi ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́? Ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Olúwa wa pẹ̀lú, nínú Ìwàásù Orí Òkè, kò dúró dìgbà tí a bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dá wa lẹ́jọ́; ó tọ ìpànìyàn lọ sí gbòǹgbò rẹ̀, ó sì bá ìbínú níbẹ̀. Àwọn baba wa tilẹ̀ fi òwe kọ́ wa pé ẹni tí yóò bá fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi dán ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò di ọkọ̀ mú pẹ̀lú. Nínú Ẹ́kísódù orí 21, bí akọ màlúù bá kan ènìyàn pa láìjẹ́ pé a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ sí akànnìyàn, olówó rẹ̀ bọ́ nínú ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sì so ó, ẹ̀bi di ti olówó. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ jókòó ní ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ẹ ń wí fún awakọ̀ yín pé kí ó sáré kí ẹ má ba pẹ́ dé ibi ìpàdé, ọ̀rọ̀ yín ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní bọ́ọ̀sì tí ẹ gbé fún ẹlòmíràn, tí ẹ sì bu owó tí ó gbọ́dọ̀ mú wá lójoojúmọ́ lé e lórí tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè rí i bí kò ṣe pé ó sá eré ẹhànnà, ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹni tí táyà ọkọ̀ rẹ̀ ti dán, tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́, tí a sì ti sọ fún un, tí ó wí pé ó di oṣù tí ń bọ̀, màlúù rẹ̀ ti ń kàn, kò sì so ó. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi owó ra ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún ọmọ tí kò kọ́ ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé irin ni ẹ fi sí ọwọ́ rẹ̀.

A mọ àwọn àwáwí tí a máa ń ṣe. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, a ó wí pé iṣẹ́ Èṣù ni. Àwa kò sẹ́ pé Èṣù wà; ṣùgbọ́n Èṣù kọ́ ni ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, òun kọ́ ni ó ń wo fóònù nígbà tí ojú yẹ kí ó wà ní iwájú. Òmíràn yóò wí pé àkókò ẹni tí ó kú ni ó tó. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, ta ni ó rán wa níṣẹ́ láti pè é? Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, kì í ṣe ìka tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òmíràn yóò wí pé oníkẹ̀kẹ́ kò ní iná lẹ́yìn, tàbí pé ó ń gba ibi tí kò yẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ. A sì ń fi àyè yìí rọ ẹ̀yin tí ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín wa pé kí ẹ fi iná sí i ní òru, kí ẹ wọ aṣọ tí ojú lè tètè rí, kí ẹ má ṣe gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ikú kọ́ ni owó ìtanràn àìní iná, a kò sì yan awakọ̀ kankan ní adájọ́ tí yóò gbà á. Òmíràn yóò wí pé ọ̀nà wa kò dára, ihò pọ̀. Òtítọ́ ni, ìjọba yóò sì dáhùn fún ti wọn. Ṣùgbọ́n ihò tí ó wà lójú ọ̀nà ni ìdí kan sí i tí ó fi yẹ kí a fi àyè sílẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́, nítorí òun pẹ̀lú ń yà fún un.

Òmíràn yóò wí pé báyìí ni awakọ̀ Nàìjíríà ti rí, kò sí ẹni tí ó lè yí i padà. Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ kò rántí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Títí di ọjọ́ náà, apá òsì ni a ń gbà wa ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Láti ọjọ́ náà ni a ti bọ́ sí apá ọ̀tún. Ohun tí ọwọ́ àti ojú ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni a fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Bí a bá lè yí ìhà tí ọkọ̀ ń gbà padà, a lè yí ọkàn ẹni tí ń wà á padà. Ní ọdún 1988 ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àjọ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo kọ́nà. Ẹ̀rí-ọkàn nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tí ń bá wa wọ inú ọkọ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ìwé òfin ojú ọ̀nà wọn ṣe. Wọ́n fi í lélẹ̀ pé ẹni tí ohun tí ó ń wà lè ṣe ibi jù, òun ni ojúṣe rẹ̀ pọ̀ jù láti dín ewu kù fún àwọn yòókù: ọkọ̀ akẹ́rù ṣáájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣáájú kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ṣáájú ẹlẹ́sẹ̀. Wọn kò wí pé ẹni tí ó kéré kò ní ojúṣe. Wọ́n wí pé bí agbára ti pọ̀ tó ni ojúṣe ti pọ̀ tó. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Ohun tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ sí àwọn ará Róòmù ní orí 15 ni, nígbà tí ó kọ́ wa ní ojúṣe alágbára sí aláìlera. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí òfin ìjọba bá ṣe ohun tí Ìhìnrere wí, tí àwa tí a gba Ìhìnrere kò sì ṣe é.

Nítorí náà, ará, ẹ jẹ́ kí a pinnu nǹkan wọ̀nyí. Nígbà tí a bá fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi àyè tí kò dín ní mítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti kọ́ awakọ̀ wọn. Bí àyè kò bá sí, ẹ jẹ́ kí a dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fun fèrè sí i ní etí. Nígbà tí a bá fẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tí ó dúró, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ tí ó jìnnà sí ìlẹ̀kùn ṣí i, nítorí pé bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ara wa yóò yí, ojú wa yóò sì rí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà ní ibi tí ọwọ́ kò tó. Ẹ jẹ́ kí a tètè jáde nílé, nítorí pé inú ìpẹ́jáde ni ìdajì ìbínú wa ti ń wá.

Bí ibi bá sì ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe sá. Ní ọ̀nà Jẹ́ríkò, àwọn méjì tí ó kọjá ní ìhà kejì kọ́ ni ó lu ọkùnrin náà, síbẹ̀ Olúwa kò fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ rere. Kí ni a ó ti wí nípa ẹni tí ó lu ènìyàn náà fúnra rẹ̀ tí ó sì tún kọjá lọ? Ẹ jẹ́ kí a dúró, kí a wá ìrànlọ́wọ́, kí a pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122, kí a sì rí i pé ẹni náà dé ilé ìwòsàn. Bí ẹ̀rù ọ̀pọ̀ ènìyàn tí inú ń bí bá bà wá, àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ jù ni kí a lọ tààrà láti ròyìn, kí ìrànlọ́wọ́ lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe lọ sí ilé láti lọ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ìbéèrè tí Ọlọ́run bi Kéènì nípa arákùnrin rẹ̀, yóò bi àwa náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọ tí ó wà níwájú yín lónìí ni awakọ̀ ọ̀la. Ẹ kọ́ wọn ní ìwà ojú ọ̀nà pẹ̀lú Katikísímù, nítorí pé inú ojúṣe wa sí ọmọnìkejì wa ni ó wà. Ẹ̀yin àlùfáà, nígbà tí ọmọ ìjọ bá gbé ọkọ̀ tuntun wá fún àdúrà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àdúrà náà jẹ́ ti ààbò ẹni tí ó ni ọkọ̀ nìkan. Ẹ gbàdúrà fún àwọn tí yóò bá pàdé lójú ọ̀nà pẹ̀lú, kí ẹ sì gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀ níwájú ìjọ pé kì yóò fi ọkọ̀ náà ni ẹnikẹ́ni lára.

Nínú Litani ni a ti máa ń tọrọ fún àwọn arìnrìn-àjò orí ilẹ̀ àti orí omi. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ wà nínú wọn. Bí a bá ti tọrọ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má ṣe jẹ́ kí a di ohun tí a tọrọ pé kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. A fi òróró yan Jéhù, síbẹ̀ eré rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a lè mọ̀ wá nípa sùúrù wa, ní ilé, ní ọjà, àti nídìí ọkọ̀. Kí gbogbo ẹni tí ó bá jáde nílé lónìí lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní àlàáfíà, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.